Ọjọ́ Tí Bọ́láwárìn Lahùn

Nígbà tí Ọlọ́runtóyìn Ikúbọlájẹ́ kọ́kọ́ fojú kan Bọ́láwárìn Akínsànyà, ńṣe ló kúnlẹ̀ fún un.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ọkùnrin náà ń ti yàrá fúláwà bọ̀ pẹ̀lú àpò kan léjìká, ó sì tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Orí rẹ̀ funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá funfun báláú. Akínsànyà ni orúkọ tí wọ́n ní kí Tóyìn béèrè ní ilé búrẹ́dì tó wà ní Challenge yìí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó rí orí funfun, ó sì ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," ni ó wí, orúnkún méjèèjì nílẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀yin ni mo wá rí."

Ọkùnrin náà dúró. Ó wo ẹ̀yìn, ó ń wá bàbá tí wọ́n ń kí. Lẹ́yìn náà ni fúláwà wọ ọ́ nímú, ó sì sín tagbáratagbára. Bó ṣe ń sín ni ìyẹ̀fun ń gbọ̀n dànù lórí rẹ̀, tí irùngbọ̀n dúdú ń yọ, tí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó rẹwà ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí òṣùpá tó kúrò lẹ́yìn kùrukùru.

"Wàá ṣe orí ire, ọmọ mi," ni ó wí, ó ki ohùn àgbàlagbà bọ ọ̀rọ̀ náà. "Dìde. Ayé á yẹ ọ́, wàá sì rí ọkọ gidi fẹ́."

Àwọn tó ń gé fúláwà pípò lórí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Tóyìn dìde, fúláwà ti ya àmì róbótó méjì sí ibi orúnkún síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Síbẹ̀, bó ti ń gbọn aṣọ rẹ̀, ó yọjú wo ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ tó gbé Tóyìn wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Ẹ̀rọ kan wà ní ilé búrẹ́dì náà, irin gbọọrọ méjì tí ń yí kọjú síra wọn, tí wọ́n máa ń ti fúláwà pípò bọ àárín wọn kó lè dán. Ìbòrí irin wà lórí ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ kí ọwọ́ ènìyàn má baà dé ibẹ̀. Ó máa ń mú kí iṣẹ́ falẹ̀, wọ́n bá yọ ọ́ jù sẹ́yìn ilé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ̀rọ fi gbé ọwọ́ Kàmọ́rù, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́. Ìka mẹ́ta ló bá a lọ.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìbòrí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni ẹni tó ni ilé iṣẹ́, ìyá Bọ́láwárìn, tí gbogbo wọn ń pè ní Mọ́mì. Ìdí tí kò sì fi mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún un. Mọ́mì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ọmọ òṣìṣẹ́ bá ń ṣàìsàn, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ìròyìn burúkú wá bá a, igbe tí yóò ké mọ́ ọn, wọn á gbọ́ ọ dé Ring Road. Àwọn òṣìṣẹ́ ti rí i pé ó sàn kí nǹkan bàjẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ju kí wọ́n ròyìn rẹ̀ lọ.

Àwọn aláṣẹ ìjọba ti ilé náà pa. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i, wọ́n ní dandan ni kí Mọ́mì wá ẹni tí yóò yí ìwà àwọn ará ibẹ̀ padà. Iṣẹ́ Tóyìn nìyẹn. Ó ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Bodija, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí ti máa ń wá a.

Mọ́mì gbà á lálejò lábẹ́ pátákó ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n kọ: ÀÌBÌKÍTÀ YÍN NI YÓÒ PA YÍN.

"Mo ti ra ìbọ̀wọ́ fún gbogbo wọn," ni Mọ́mì wí. "Mo ti ra bàtà. Mo ti dá ìbòrí irin padà. Mo ti kọ pátákó. Kí ló tún kù tí mi ò rà?"

"Etí ló kù, Mọ́mì," ni Tóyìn dáhùn.

Bọ́láwárìn, tó ń bá ìyá rẹ̀ darí àwọn òṣìṣẹ́, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sẹ́nu, tu gbogbo rẹ̀ sí ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Etí ta ni?" ni Mọ́mì bi í.

"Etí tiyín ni, Mà. Ẹ má bínú."

Mọ́mì wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti àwọn aláṣẹ ìjọba, Tóyìn ì bá ti padà sí Bodija kí omi ara Bọ́láwárìn tó gbẹ.

Tóyìn kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tí kò dára nínú ilé iṣẹ́ náà, pé kò sẹ́ni tí yóò fìyà jẹ wọ́n.

"Kò sí nǹkan kan, Àǹtí," ni Ìrètíolúwa wí, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí àwọn agé-fúláwà. "Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa."

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí Ìrètíolúwa ti ń sọ ọ́ ni omi ń kán láti òrùlé sórí rẹ̀, tó, tó, tó, tí ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

"Omi tó ń kán sí ọ lórí ńkọ́?"

"Omi wo, Àǹtí?"

Ní ìrọ̀lẹ́, Bọ́láwárìn sin Tóyìn dé ibi tó ti máa wọ kẹ̀kẹ́.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Tóyìn wí.

"Ṣé o ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kú ni?"

"Ẹni tó gbàdúrà ọkọ fún mi, ṣé mo lè gbàgbé rẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni sínsìn náà ti ń gùn sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dúró níbi kẹ̀kẹ́. Nígbà tó yá, ó wọ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó tún yá, wọ́n bá ara wọn ní Agbowó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tò láti ra ẹ̀wà àgànyìn. Olóúnjẹ náà kó búrẹ́dì lé e fún wọn, Bọ́láwárìn sì gbé búrẹ́dì náà sókè, ó wò ó fínnífínní, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ létí bí ẹni tó ń yẹ owó ayédèrú wò.

"Jẹ ẹ́, jàre," ni Tóyìn wí. "Kò tíì ṣẹ̀ ọ́."

"Búrẹ́dì ẹlòmíràn ni. Bí Mọ́mì bá gbọ́, mo gbé."

"Ọkùnrin bí ìwọ! Kí ni o ti sọ fún Mọ́mì rí tí kò fẹ́ gbọ́?"

Bọ́láwárìn ronú. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun já bọ́ látorí igi máńgòrò, apá òun sì ṣẹ́. Òun sọ fún Mọ́mì pé òun sùn lé e ni. Òun sì fara dà á títí apá náà fi wú bí iṣu.

Tóyìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó nu ojú tán, ó wo apá náà, ó sì fi ọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, ní ibi tó ti ṣẹ́ rí. Kò sẹ́ni tó tún rántí ẹ̀wà mọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n jọ lọ kí Kàmọ́rù ní Àpáta. Ó jókòó síwájú ilé, wọ́n fi aṣọ funfun di ọwọ́ rẹ̀. Ó yọ̀ mọ́ wọn, ó ní kí wọ́n jókòó, ó ní kí ìyàwó òun gbé omi tútù wá. Tóyìn bi í ohun tí ì bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ là lọ́jọ́ náà.

Kàmọ́rù wo Bọ́láwárìn, kò wò ó pẹ̀lú ìbínú.

"Mo ṣáà sọ fún Ọ̀gá pé ìbòrí irin ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí n ní sùúrù. Wọ́n ní àwọn á sọ ọ́ nígbà tí inú Mọ́mì bá dùn."

Bọ́láwárìn sorí kọ́. Títí wọ́n fi dágbére, kò gbé e sókè.

Wọ́n ti rìn dé títì kí Tóyìn tó sọ̀rọ̀. "Inú Mọ́mì," ni ó wí, "ṣé ó ti wá dùn báyìí?"

"Tóyìn, jọ̀ọ́. Kò sí ọjọ́ tí n kì í ronú kan ọwọ́ yẹn."

"Ṣé o ti sọ ìyẹn fún Mọ́mì?"

Bọ́láwárìn fi ẹsẹ̀ ta òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Bọ́láwárìn. Mi ò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò lè sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò sọ ọ́ fún mi? Bí iná bá ń jó ilé wa lọ́jọ́ iwájú, ṣé wàá ní kí n ní sùúrù ni?"

Kẹ̀kẹ́ kan dúró, Tóyìn wọ̀ ọ́. Kò jẹ́ kí Bọ́láwárìn bá a wọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà, ó ń wá síbi iṣẹ́, ó ń kí i bí wọ́n ti ń kí ọ̀gá, "Ẹ káàárọ̀, sà," ó sì ń kọjá lọ. Bọ́láwárìn kò mọ̀ pé "sà" lè dunni tó bẹ́ẹ̀. Ó fi iyọ̀ sí búrẹ́dì lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó rà á ní Mọ́kọ́lá mu omi títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún Mọ́mì.

Mọ́mì alára ti ń bínú. Tóyìn ti tún sọ ọ̀rọ̀ etí náà lójú àwọn aláṣẹ, Mọ́mì sì ti pinnu pé òun yóò lé e. Ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe búrẹ́dì púpọ̀ fún ilé ìwé kan. Ó wọ léèsì, ó fi ìborùn gígùn kan tó bá a mu kọ́ ọrùn, ó sì rìn wọ àárín àwọn ẹ̀rọ láti kéde rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Láàárọ̀ náà gan-an, fúláwà há sínú ẹ̀rọ onírin méjì. Wọ́n ṣí ìbòrí irin láti yọ ọ́. Wọn kò sì tíì dá a padà, nítorí Mọ́mì ti pe Bọ́láwárìn lórí fóònù pé ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ dúró títí iṣẹ́ ilé ìwé náà yóò fi parí.

"Àǹtí Tóyìn!" ni Mọ́mì pè láti òkèèrè. "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí, mo fẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́." Ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ọwọ́. Etí ìborùn náà fò, ó sì rọra bọ́ sórí fúláwà tí ẹ̀rọ ń fà lọ.

Ìrètíolúwa rí i. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Gbogbo wọn rí i. Olúkúlùkù ń wo ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò tó bẹ́ẹ̀ láti dá ọ̀rọ̀ mọ́ Mọ́mì lẹ́nu.

"Ẹ DÚRÓ!"

Bọ́láwárìn ni. Ohùn náà bá òun pàápàá lójijì. Ó fò kọjá tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́tìnnì pupa, ó sì já ìborùn náà kúrò lọ́rùn ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kérora, ó dúró. Ìdajì ìborùn ti wọ àárín irin.

"Bọ́láwárìn! Èmi lo ń sọ pé kí n dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Mọ́mì fẹ́ yíjú padà láti lọ, ṣùgbọ́n ó di etí ìborùn tó kù mú lọ́wọ́. Léèsì olówó ńlá ni, kò sì lè fi sílẹ̀. Bó ṣe dúró síbẹ̀ nìyẹn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Bọ́láwárìn lahùn, kò sì mọ bó ṣe máa pa ẹnu dé mọ́.

"Ìbòrí irin kò sí lórí ẹ̀rọ yìí láàárọ̀ yìí, torí ẹ ní a ò gbọdọ̀ dúró. Kàmọ́rù sọ fún mi nígbà tó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ gé, ẹ̀rù yín ò jẹ́ kí n sọ fún yín. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi, ó sì wà lọ́rùn yín náà. Bíréèkì ọkọ̀ tó ń lọ sí Mọ́kọ́lá kò mú. Eku wà nínú yàrá ṣúgà. Òrùlé ń jò. Búrẹ́dì oníyọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo ṣe é. Apá mi tó ṣẹ́, mi ò sùn lé e, igi ni mo gùn. Ẹ má sì lé Tóyìn, torí mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni mo fẹ́ fi ṣaya!"

Gbogbo ojú yí sí Mọ́mì.

"Ọ̀gá," ni Ìrètíolúwa wí ní ohùn kékeré, "ẹ ò tíì dárúkọ ilẹ̀kùn ààrò kejì. Kò ṣeé tì mọ́. Òkúta la fi ń tì í."

"Wáyà jẹnẹrétọ̀ náà ti bó," ni ẹlòmíràn wí láti ẹ̀yìn.

"Omi yẹn sì ń kán sí mi lórí gan-an ni," ni Ìrètíolúwa tún fi kún un.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ bí omi tó já odi. Mọ́mì lanu láti ké, ó wo ìborùn rẹ̀ tó wà láàárín irin, ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ yọ aṣọ mi," ni ó wí jẹ́jẹ́. Wọ́n yọ ọ́. Ó kó o dání, ó sì jáde lọ láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí Mọ́mì kò ké ni ẹ̀rù wá ba àwọn òṣìṣẹ́ ní ti tòótọ́.

Bọ́láwárìn yíjú sí Tóyìn. Ó rò pé yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òun.

"O sọ fún ìyá rẹ," ni Tóyìn wí. "O sọ fún Ìrètíolúwa. O sọ fún eku inú ṣúgà. Èmi tí o fẹ́ fi ṣaya ńkọ́? Ṣé wọ́n á fi tó mi létí ni?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ.

Níbo ni Mọ́mì gbà? Àpáta ló gbà lọ. Ó gbé kéèkì dání, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Kàmọ́rù, ó sì sunkún bí kò ti sunkún rí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kàmọ́rù rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tí ara balẹ̀, ó tọ́ kéèkì wò, ó sì ní ó le. Mọ́mì kò ké. Lọ́jọ́ náà ni ó fi Kàmọ́rù ṣe ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ ààbò: nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá san, òun ni yóò máa yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò láràárọ̀, bí kò bá sì sọ pé ó yá, ohunkóhun kò gbọdọ̀ yí, ìbáà jẹ́ Mọ́mì ló pàṣẹ.

Lẹ́yìn náà ni ó lọ bá Tóyìn ní Bodija.

"Kọ́ mi," ni ó wí. "Báwo ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ìròyìn burúkú tí wọn kì í ké?"

"Èmi á sọ ọ́, Mà. Ẹ̀yin á kàn ní, ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi. Ṣé kí á bẹ̀rẹ̀?"

"Bẹ̀rẹ̀."

"Búrẹ́dì yín ti dùn jù. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀."

Mọ́mì di apá àga mú. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Ẹ ṣé," ni ó wí láàárín eyín, "tí ẹ sọ fún mi."

"Pátákó yín ń bí àwọn ènìyàn nínú."

"Ẹ ṣé. Tí ẹ. Sọ fún mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ó tó. Èmi náà ní ìbéèrè. Ṣé o fẹ́ràn ọmọ mi?"

"Kò tíì bi mí, Mà."

"KÒ TÍÌ KÍ NI?" Igbe náà gbọn fèrèsé. Tóyìn bú sẹ́rìn-ín, Mọ́mì náà sì bá a rín in títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Bọ́láwárìn dé ilé àwọn Tóyìn. Ó ti wẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, fúláwà kankan kò sí lára rẹ̀. Bàbá Tóyìn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ló ṣí géètì fún un. Bọ́láwárìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bàbá náà sì kọjá lára rẹ̀ lọ sínú ilé, ó ní, "Ọlọ́runtóyìn, ẹnì kan wà nílẹ̀ níta. Mo rò pé tìrẹ ni."

Wọ́n jókòó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Bọ́láwárìn kò mú ẹ̀bùn wá, kò sì mú ọ̀rọ̀ dídùn wá.

"Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni ìwọ," ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì rí i pé gbólóhùn náà ti dojú dé. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ bá sọ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ, Tóyìn. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Sọ ohun tí kò dára nípa ara rẹ fún mi ná. Gbogbo rẹ̀."

"Mo máa ń hanrun. Púpọ̀. Mi ò mọ ijó jó. Bí mo bá jẹ ata, mo máa ń sunkún. Mo dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, ẹnì kan sì pàdánù ìka rẹ̀, mi ò lè dá a padà láéláé. Ẹ̀rù rẹ sì ń bà mí ju ti Mọ́mì lọ."

Tóyìn mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. "O ṣé tí o sọ fún mi, olólùfẹ́ mi," ni ó wí. "Mo gbà."

Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bodija. Gbogbo ilé búrẹ́dì ló wá, Kàmọ́rù jókòó ní iwájú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó dé fìlà tuntun. Ooru mú, gbogbo fáànù ṣọ́ọ̀ṣì ló ń yí. Pásítọ̀ béèrè bí ẹnikẹ́ni bá rí ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n so àwọn méjèèjì pọ̀, kó sọ ọ́ báyìí, tàbí kó dákẹ́ títí láé.

Kàmọ́rù nawọ́ sókè.

Ìjọ mí kanlẹ̀. Àbúrò ìyá Tóyìn gbá àyà mú. Pásítọ̀ yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Arákùnrin, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe?"

"Mi ò ní nǹkan kan lòdì sí ìyàwó, sà," ni Kàmọ́rù wí. "Fáànù tó wà lókè orí wọn yẹn ni. Ó ń mì."

Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n Mọ́mì ti dìde. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fáànù náà," ni ó wí. "Kàmọ́rù, o ṣé." Ó jókòó padà, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

Wọ́n pa fáànù náà. Wọ́n fa ìyàwó àti ọkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí atẹ́gùn kankan kò dé. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gun àkàbà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé kò sí ohun tó ṣe é. Ó kàn máa ń mì bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó fi Kàmọ́rù ṣe yẹ̀yẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá.

Ṣùgbọ́n ìyẹn di ẹ̀yìn ìsìn. Lọ́wọ́ yìí, àwọn méjèèjì kọjú síra wọn nínú ooru, òógùn ń ṣàn lójú ìyàwó, ó ń ṣàn lójú ọkọ. Pásítọ̀ bi Bọ́láwárìn bóyá yóò fẹ́ Ọlọ́runtóyìn. Ó dáhùn kí ìbéèrè náà tó parí, ó sì dáhùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀ níta fi ké "Àmín!" wọlé.